Yíya Àwòrán Òdòdó àti Ewé Nínú Ọgbà Ìjọba: Ìtọ́sọ́nà fún Ọmọ Yorùbá Karmo àti Gbogbo Àbújá



Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa ní Karmo fi àwòrán ewé kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Ibà ń ṣe ọmọ rẹ̀. Ó já ewé náà lára igi tí wọ́n fi ṣe ọgbà yí ilé kan ká ládùúgbò, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó yà á lábẹ́ gílóòbù, ó wá bi wá pé, "Ẹ̀yin àgbà, ṣé kì í ṣe ewé yìí ni wọ́n máa ń sè fún ibà nílé wa?" Kí ó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti jáde. Ẹnìkan tiẹ̀ ní kó tètè gbé e kaná. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá àgbà kan tó fi ohùn ránṣẹ́ pé, "Má sè é o. Gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn báyìí. Tílẹ̀ bá mọ́, kí o padà lọ ya igi yẹn fún wa, tòdòdó tèso."

Nígbà tí àwòrán kejì dé láàárọ̀, òdòdó rẹ̀ rí bí agogo, àwọ̀ rẹ̀ bíi ti èso ìyeyè, oje funfun bíi wàrà sì ń yọ níbi tí wọ́n ti já a. Olómiòjò ni. Kò síbi tí kò sí májèlé lára igi yẹn, látorí ewé títí dé kóró inú èso, májèlé ọ̀hún sì máa ń da bí ọkàn ṣe ń lù rú.

Ara ọmọ ti yá. Àmọ́ láti ọjọ́ náà la ti rí i pé ọ̀rọ̀ àwòrán ewé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwòrán kan ṣoṣo tí a yà lóru fẹ́rẹ̀ẹ́ ba nǹkan jẹ́, èyí tí a sì yà dáadáa lójú mọmọ ló yanjú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ àlàyé yìí. A fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ẹ ti lè ya òdòdó àti ewé ní Àbújá, bí ẹ ṣe máa yà á tí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi lè dá a mọ̀, àti ohun tó yẹ kí ẹ kọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ibo la ti lè yà á?

Ibi tó tóbi jù láàárín ìlú ni Millennium Park ní Maitama. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ló ṣí i ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 2003, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth ṣèpàdé ní Àbújá. Manfredi Nicoletti, ọmọ Ítálì, ló ya àwòrán bí wọ́n ṣe máa kọ́ ọ. Odò kan là á sí méjì: wọ́n to apá kan létòlétò, wọ́n sì fi apá kejì sílẹ̀ bíi tinú igbó. Ẹni tó bá ń kọ́ àwòrán yíyà, ibẹ̀ ló dáa kó ti bẹ̀rẹ̀, torí àyè wà, òjìji sì wà.

Àwa ará Karmo, Jabi ló sún mọ́ wa jù. Etí adágún Jabi ní igi, ó ní koríko tó ń yọ òdòdó, ó sì ní ewé etí omi tí ẹ ò ní rí ní Maitama.

Ibì kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wa máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìmọ̀: ilé iṣẹ́ ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NIPRD, ní Idu níbí. Wọ́n ní yàrá tí wọ́n ń tọ́jú ewé gbígbẹ sí, tí wọ́n tẹ̀ mọ́ páálí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ibi iṣẹ́ ni o, kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Kí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà, kí ẹ gbàṣẹ, kí ẹ tó kó ọmọ lọ.

Tí ẹ bá sì lọ sílé fún ọdún, Agodi Gardens ní Ìbàdàn wà níbẹ̀. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀, omíyalé Ògùnpa ọdún 1980 bà á jẹ́ gan-an, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún ṣí i ní 2014. Yunifásítì Ìbàdàn náà ní ọgbà ewéko tirẹ̀.

Kí ẹ tó yọ fóònù

Lẹ́nu géètì, ẹ béèrè iye ìwọlé, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹni tó gbé kámẹ́rà ńlá dání máa san owó ọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ ọgbà kì í yọ ẹni tó ń fi fóònù ya òdòdó lẹ́nu, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti rí kámẹ́rà tó gùn lẹ́nu, wọ́n á rò pé àwòrán ìgbéyàwó lẹ wá yà. Ẹ kí ẹ̀ṣọ́ kí ẹ tó ṣàlàyé. "Sannu da aiki" kan ṣoṣo lè gba wíjọ́ ìṣẹ́jú ogún sílẹ̀.

Àbújá la wà. Ẹ má kọjú kámẹ́rà sí ilé ìjọba, bárékè, tàbí ibi tí ṣọ́jà àti ọlọ́pàá dúró sí, kódà kó jẹ́ pé òdòdó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ fẹ́ yà. Ẹ má fò dúróònù láìgbàṣẹ. Ẹ má ya ọmọ ọlọ́mọ tàbí ẹni tó ń kírun lábẹ́ igi.

Ẹ má já òdòdó o. Ọgbà gbogbo ayé ni. Òdòdó tí ẹ já lónìí, ẹni tó ń bọ̀ lọ́la ò ní bá a. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni Karmo àti agbègbè rẹ̀, àwa jẹ́ àlejò lórí rẹ̀. Tí ẹ bá kúrò nínú ọgbà tí ẹ bọ́ sáàárín abúlé, ẹ bi onílé léèrè kí ẹ tó ya igi ńlá kankan. A ò mọ igi tó jẹ́ ti òrìṣà wọn.

Àwòrán mẹ́fà fún igi kan

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé èèyàn á rí òdòdó tó rẹwà, á ya òdòdó nìkan, á kọjá lọ. Òdòdó yẹn á dùn ún wò lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà sọ orúkọ igi náà. Ẹ jẹ́ ká sọ mẹ́fà di àṣà.

Àkọ́kọ́, ẹ ya gbogbo igi látẹsẹ̀ dórí. Kí ẹnìkan dúró tì í, ká lè mọ bó ṣe ga tó.

Ìkejì, ẹ ya ẹ̀ka kan pẹ̀lú ewé lórí rẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń wáyé. Ẹ jẹ́ ká mú dongoyaro gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, torí ó pọ̀ ní ìlú yìí, àwọn èèyàn sì ń sè é mu. Igi kan wà tó jọ ọ́ bí ìbejì, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Melia azedarach, èso rẹ̀ sì ní májèlé. Lára dongoyaro, ewé wẹ́wẹ́ tò sí ọ̀tún àti òsì igi ewé kan ṣoṣo. Lára Melia, igi ewé náà á kọ́kọ́ tún yà sí ẹ̀ka kéékèèké kí ewé wẹ́wẹ́ tó jókòó lé e. Òdòdó dongoyaro funfun. Ti Melia ní àwọ̀ elésè àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Tó bá jẹ́ ewé wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo lẹ yà, ta ló máa mọ ìyàtọ̀?

Ìkẹta, ẹ ya ojú ewé àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ gbé bíró tàbí rúlà tì í. Ẹ̀yìn ewé máa ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ kò sọ: irun wà níbẹ̀ àbí kò sí, bí iṣan rẹ̀ ṣe là.

Ìkẹrin, ẹ ya òdòdó níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti nínú. Ẹ ka iye ewé òdòdó náà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìkarùn-ún, ẹ ya èso, tútù àti gbígbẹ. Tó bá ti bọ́ sílẹ̀ tó sì ti là, ẹ ya kóró inú rẹ̀.

Ìkẹfà, ẹ ya èèpo igi. Tí oje bá ti ń yọ fúnra rẹ̀ níbì kan, ẹ yà á pẹ̀lú, torí àwọ̀ oje jẹ́ ẹ̀rí ńlá. Ẹ má fi ọ̀bẹ kan igi ọgbà láti wá oje o, ẹ má sì jẹ́ kí oje igi tí ẹ ò mọ̀ kan ojú yín.

Ìmọ́lẹ̀, atẹ́gùn àti ọyẹ́

Oòrùn ọ̀sán Àbújá kì í jẹ́ kí òdòdó funfun ní ojú nínú àwòrán. Gbogbo rẹ̀ á kàn funfun báláú. Láti aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀, àti láti aago mẹ́rin àbọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù. Tó bá jẹ́ ọ̀sán lẹ ráyè, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan fi agbòòrùn ṣíji bo òdòdó náà. Ẹ pa iná fóònù. Ó máa ń mú kí ewé dán bíi rọ́bà.

Òdòdó pupa àti aláwọ̀ ìyeyè máa ń tan fóònù jẹ. Ẹ fi ìka tẹ òdòdó náà lójú fóònù, kí ẹ wá fà á wálẹ̀ díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè dínkù, ẹ ó rí i pé ìlà ara òdòdó á yọ síta.

Ẹ má sún mọ́ ọn jù. Fóònù tó sún mọ́ nǹkan jù kì í rí i kedere mọ́. Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ wá fà á tòsí lójú fóònù ní ìlọ́po méjì. Tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ẹ rọra fi ọwọ́ kejì di igi òdòdó náà mú nísàlẹ̀, kí ẹ ya bíi mẹ́wàá, ọ̀kan á mọ́. Tí ohun tó wà lẹ́yìn bá pọ̀ jù, ẹ ta aṣọ dúdú sẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń bo gbogbo nǹkan. Ẹ nu ojú kámẹ́rà fóònù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwòrán tí a rò pé fóònù wa ló bà á jẹ́, eruku ni.

Ìgbà wo ni kí ẹ wá kí?

Ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ìgbà òfo. Inú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni pọ́npọlà máa ń wọ́ ewé sílẹ̀ tán, tí òdòdó pupa ńláńlá á wá bo ẹ̀ka gbalaja. Ìgbà yẹn náà ni irúgbá máa ń so òdòdó pupa roboto rọ̀ sílẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù kéékèèké, tí igi òrí náà sì ń yọ òdòdó tí oyin ń dù. Nígbà tó bá di oṣù Kẹrin sí Kẹfà, pánṣẹ́kẹ́ á pọ́n kárí ìlú. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè igi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Òdòdó kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ fi ṣe ìdíje. Òun ni Costus spectabilis, òdòdó orílẹ̀-èdè wa, èyí tó wà nísàlẹ̀ àmì ìjọba Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń kùn ún ní pupa òun funfun, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ ìyeyè gan-an ni òdòdó náà ní. Mọ̀lẹ́bí tẹ̀tẹ̀ẹ̀gún tí a mọ̀ nílé ni, ṣùgbọ́n òun kì í ga. Níbẹ̀rẹ̀ òjò, ewé bíi mẹ́rin á tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, òdòdó á yọ láàárín wọn. Ẹni tó bá rí i gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó lè yà á dáadáa, a sì mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kì í tijú ìyẹn.

Orúkọ mẹ́ta lórí àwòrán kan

Àwòrán tí kò ní orúkọ, ẹ̀wà lásán ni. Lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́, ibi tí ẹ ti yà á, àti ẹni tó sọ orúkọ rẹ̀ fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wá orúkọ mẹ́ta: ti Yorùbá, ti Hausa tí a ń gbọ́ lọ́jà, àti ti àwọn onímọ̀, èyí tí kì í yí padà láti ìlú dé ìlú. Díẹ̀ rèé láti fi bẹ̀rẹ̀:

Osè: kuka ní Hausa, Adansonia digitata.
Igi òrí: kadanya, Vitellaria paradoxa.
Irúgbá: dorawa, Parkia biglobosa.
Àràbà: rimi, Ceiba pentandra.
Àjàgbọn: tsamiya; Tamarindus indica.
Ewúro: shuwaka, Vernonia amygdalina.
Ẹfinrin ńlá: daddoya, Ocimum gratissimum.
Ewédú: lalo, Corchorus olitorius.
Ìṣápá: yakuwa, Hibiscus sabdariffa.

Tí ẹ bá láǹfààní, ẹ bi àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Gbagyi léèrè orúkọ tiwọn, kí ẹ fi ṣe ìkẹrin. Ẹni tó bá kọ́ orúkọ igi lẹ́nu onílẹ̀ kì í ṣe àlejò pátápátá mọ́.

Ìdí tí orúkọ onímọ̀ fi ṣe kókó ni pé ní ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀, ohun tí Ìjẹ̀bú ń pe ewé kan lè má jẹ́ ohun tí Èkìtì ń pè é. Nínú ẹgbẹ́ tí Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀ṣà àti Àkókó jọ wà, ìjà orúkọ ewé lè má tán. Ọ̀mọ̀wé Z. O. Gbilé ti ṣiṣẹ́ ńlá lórí èyí: ìwé rẹ̀ lórí orúkọ ewéko ní èdè Yorùbá jáde ní ọdún 1984 láti ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó, FRIN, ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ náà ni àkójọ ewé gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní Forest Herbarium Ibadan wà, tí ewé tí wọ́n tọ́jú síbẹ̀ lé ní 100,000.

Fóònù ò lè jẹ́ babaláwo

Google Lens, PlantNet àti iNaturalist máa ń gbìyànjú láti sọ orúkọ ewé tí ẹ bá yà. Wọ́n wúlò, a ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé àbá ni wọ́n ń dá, wọn kì í búra. Fún òdòdó tí wọ́n ń gbìn káàkiri ayé, wọ́n máa ń gbà á. Tó bá kan ewé inú igbó wa, wọ́n lè sọ orúkọ ẹ̀gbọ́n fún àbúrò. Ẹ má jẹ, ẹ má mu, ẹ má fi para, nítorí pé fóònù sọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí fóònù bá sọ, ẹ gbé e lọ bá àgbà tó mọ ewé àti ẹni tó kàwé lórí ewé. Tí àwọn méjèèjì bá fẹnu kò, ó dáa.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù lórí ibi tí ẹ ti rí i. Fóònù máa ń kọ ibi tí ẹ wà mọ́ àwòrán. Ìyẹn dára fún àkójọ ẹgbẹ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ igi tí wọ́n ń wá kiri fún oògùn, ẹ má gbé ibẹ̀ sójú táyé. A ti rí igi tí wọ́n bó léèpo yíká títí ó fi kú.

Kí ló dé tí a fi ń yọ ara wa lẹ́nu?

Ẹ gbọ́ èyí. Nínú NIPRD tó wà ní Idu yẹn ni wọ́n ti ṣe oògùn kan fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, Niprisan lorúkọ rẹ̀. Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: iyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Kò sí ọ̀kan níbẹ̀ tí ìyá ìyá wa kò mọ̀. Ọ̀dọ̀ Ẹni Ọ̀wọ̀ P. O. Ògúnyalé, ọmọ Yorùbá, ni ilé iṣẹ́ náà ti gba ìmọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2006, wọ́n gbé e jáde sọ́jà pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Ìmọ̀ tó wá láti ilé wa ni wọ́n gbé lọ sí ìsọ̀ ìwádìí tí kò jìnnà sí Karmo. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè, wọ́n sì mọ ewé wo gan-an ló ń sọ.

Pierre Verger, tí a mọ̀ sí Fátúmbí, ayàwòrán ni lẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀ nígbà tí ìwé rẹ̀ Ewé jáde ní 1995, kì í ṣe àwòrán ló gbẹ́kẹ̀ lé. Orúkọ Yorùbá, orúkọ onímọ̀, àti ìlò ewé ló tò síbẹ̀. Ayàwòrán gan-an mọ̀ pé àwòrán nìkan ò tó.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

Ẹ fi Sátidé kan lóṣù sílẹ̀. Ẹ kó ọmọ mẹ́fà sí mẹ́wàá pẹ̀lú àgbà méjì lọ sí ọgbà. Kí ọmọ yà á, kí àgbà sọ orúkọ rẹ̀ sínú fóònù pẹ̀lú ohùn ara rẹ̀, torí àmì ohùn ọ̀rọ̀ máa ń sọnù nínú àkọsílẹ̀. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kó gbogbo rẹ̀ síbì kan tí kò ní sọnù tí fóònù ẹnìkan bá bàjẹ́. Ewé mẹ́wàá lọ́dún àkọ́kọ́ tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ọmọ máa nílò nílé: akòko tí a fi ń joyè, pèrègún tí a fi ń pààlà, ewúro, ẹfinrin. Ẹ fi olómiòjò kún un, kí wọ́n lè mọ èyí tó yẹ kí wọ́n sá fún.

Àwọn àgbà wa ní tí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Àwọn ọmọ tí a bí sí Karmo ti ń di ọṣẹ. Hausa dùn lẹ́nu wọn, ìyẹn ò sì burú. Àwa tí a ṣì rántí orúkọ ewé la gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún wọn, kí àwa náà tó lọ. Ìyá àgbà alẹ́ ọjọ́sí ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Láti ọjọ́ náà, a ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí ewé mẹ́rìnlá, àwòrán mẹ́fà mẹ́fà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ewé tó kù lọ́wọ́ òun ṣì pọ̀. Sátidé tó ń bọ̀, a tún ń lọ.